Ilé Ìgbẹ̀bí Tí A Tì Pa

Òórùn ẹfun tútù ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, ẹfun tí wọ́n fi kun ògiri ilé ìgbẹ̀bí tuntun ní abúlé kékeré kan tí kò jìnnà sí Ìgèdè. Mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí agbẹ̀bí dé láti ọsibítù àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì. Kánsù ló ni ilé náà, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin abúlé ló fi orí ru iyanrìn rẹ̀ láti odò, àwọn ọkọ wọn ló gun òkè lọ kan páànù. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, wọ́n pè mí wá to oògùn sórí pẹpẹ, torí wọ́n ti sọ fún mi pé èmi ni màá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi to wọn: òwú, àlòkù aṣọ tí a ti sè, abẹ́rẹ́, àti páálí kékeré kan tí oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára abiyamọ wà nínú rẹ̀. Akọ̀wé kánsù fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn, ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò, ó ní ká máa retí lẹ́tà.

Lẹ́tà dé lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí a ń retí. Ìwọ náà á rántí bí nǹkan ṣe rí láyé ìgbà náà. Kánsù lè gba owó orí, wọ́n lè jókòó ṣèpàdé títí ẹnu á fi bó, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ náwó kọjá ibi tí ìjọba òkè bá fàlà sí. Ìjọba ti fọwọ́ sí ilé, wọ́n ti fọwọ́ sí oògùn. Owó oṣù òṣìṣẹ́ tuntun ni wọn ò tíì fọwọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣí ilé ìgbẹ̀bí láìsí agbẹ̀bí tí wọ́n gbà síṣẹ́. Kánsẹ́lọ̀ abúlé náà, àgbà oníkòkó kan tí bàtà rọ́bà kì í kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lábẹ́ igi ọsàn iwájú ilé rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ fara balẹ̀," ó ní. "A ti kọ̀wé padà. Bí a bá fi agídí ná owó yẹn, àpò àwa kánsẹ́lọ̀ ni wọ́n máa ní kó ti jáde."

Mo ní, "Mo gbọ́, sà." Mo padà sí Òkè-Ìlá ní Adó, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi, mo ń bá a ta gààrí ní Ọjà Ọba. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí abúlé náà láti béèrè bóyá lẹ́tà mìíràn ti dé. Òjò rọ̀ títí, òjò dá, wọ́n já kòkó, wọ́n sá a. Lẹ́tà kò dé.

Ọ̀kan nínú ọjọ́ tí mo lọ béèrè yẹn ni wọ́n gbé aboyún kan wá lọ́sàn-án gangan. Akọ̀wé ti lọ sí Adó, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ dání. Ìyá obìnrin náà ń lu ilẹ̀kùn ṣáá. "Ulé yìí kọ́," ó ń wí, "ulé tí ọmọ mi ru iyanrìn rẹ̀ yìí kọ́?" Wọ́n tẹ́ ẹní fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti gbẹ̀bí rẹ̀. Ọmọbìnrin ni, ó ké dáadáa. Gbogbo wọn ti ń dúpẹ́ nígbà tí mo rí i pé ẹ̀jẹ̀ kò dá.

Mo gbé ọmọ sí i lọ́mú, mo ń fi ọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, mo ń ra á. Ẹ̀jẹ̀ ń wá. Ọkọ rẹ̀ gbé àáké, ó kọjú sí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kánsẹ́lọ̀ dúró síwájú rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Jọ̀ọ́, má fọ́ ọ. Bí a bá fọ́ ilẹ̀kùn yìí, wọ́n á ní a ò lè tọ́jú nǹkan, wọn ò sì ní fún wa ní agbẹ̀bí mọ́. A ti rán ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ lọ pe akọ̀wé."

Ọkùnrin náà yí sí mi. "Nọ́ọ̀sì, ṣé nǹkan kan wà nínú ilé yìí tó lè ràn án lọ́wọ́?"

Mo mọ̀ pé ó wà. Mo mọ apá ibi tó wà lórí pẹpẹ. Ṣùgbọ́n orúkọ mi ló wà nínú lẹ́tà tí wọ́n ń kọ lọ sókè, mo sì rò pé bí wọ́n bá gbọ́ pé èmi ni mo ní kí wọ́n fọ́lẹ̀kùn, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Mo tún ń tan ara mi pé ọwọ́ tí mo fi ń tẹ ikùn náà á tó.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ ná."

Nígbà tí lọ́rì oníkòkó kan dé, a gbé e sí i, èmi náà wọlé tì í. Kí a tó dé Adó, ọwọ́ rẹ̀ ti tutù nínú ọwọ́ mi. Èmi kò sunkún. Mo wẹ ọwọ́ mi, mo ká aṣọ mi sínú garawa, mo jẹ iyán alẹ́ ọjọ́ náà tán, àbúrò ìyá mi sì ń wò mí.

Nígbà tó yá, ìjọba fọwọ́ sí owó oṣù mi. Mo ṣiṣẹ́ nínú ilé yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀pọ̀ ọmọ ni mo gbà níbẹ̀. Ìyá olóògbé máa ń gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá fún mi láti wọ̀n, màá wọ̀n ọ́n, màá kọ ọ́ sílẹ̀, màá ní kó padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Kánsẹ́lọ̀ wá bá mi nígbà kan, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ ò jẹ̀bi rárá, àwa ni." Ó ti rù ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ó yẹ kí n sọ òótọ́ fún un lọ́jọ́ náà. Mo kàn bù ún lómi mu.

Ó pẹ́ tí mo fi ń bínú sí àwọn tó wà lókè. Èmi kì í bínú sí wọn mọ́. Kánsù mìíràn ń fi owó ìlú ṣe yànga. Ó lè jẹ́ ìdí tí wọ́n fi ń fàlà nìyẹn. Wọn ò rí obìnrin náà, wọn ò mọ̀ pé ó wà. Èmi rí i, orí itan mi ni orí rẹ̀ wà nínú lọ́rì náà. Owó ni wọ́n fàlà sí. Èmi ni mo fa ààlà náà dé ẹnu ara mi.