Èéfín Tó Lé Àwọn Àlejò Wa Padà

Mo rántí ìgbà tí mo lè di ojú méjèèjì kí n sì mọ̀ pé mo ti dé abúlé wa, nítorí òórùn èèpo kòkó tó ń jó. Abúlé náà wà lókè Moniya. Èèyàn á sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà ọlọ́dà tó lọ sí Ọ̀yọ́, á yà sí ọ̀nà eléruku kan láàárín oko kòkó, kò sì ní í rìn jìnnà tí òórùn yẹn á fi wá pàdé rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ló ni kòkó, ṣùgbọ́n èèpo tí wọ́n ń dà nù ni àwọn obìnrin ń kó jọ. Wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á sun ún di eérú, wọ́n á sẹ́ omi eérú náà, wọ́n á sì fi àdín sè é di ọṣẹ dúdú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni olórí àwọn tó ń sè é. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọṣẹ wọn ló rán mi lọ sí yunifásítì, wọn kì í sì í jẹ́ kí n gbàgbé, nítorí bí mo bá ti ń ṣàlàyé ohunkóhun jù, wọ́n á ní, "Ọmọ yunifásítì, mo ti gbọ́. Bá mi gbé igi iná yẹn."

Ní ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn òmìnira, àwọn àlejò láti òkè òkun pọ̀ nígboro Ìbàdàn. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama jẹ́ akọ̀wé ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan, òun ló sì ń ṣètò ibi tí wọ́n á lọ wò. Ó fi abúlé wa kún un. Bí ó bá ti di ọjọ́ Sátidé, bọ́ọ̀sì kékeré kan á kó wọn dé, wọ́n á wo bí omi eérú ṣe ń kán tó-tó-tó sínú ìkòkò, wọ́n á fi ọṣẹ fọ ọwọ́ wò, wọ́n á ra ọṣẹ tí a fi ewé dì. Ọkùnrin òyìnbó sísanra kan bọ́ fìlà rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó fi ọṣẹ fọ orí rẹ̀ pípá níwájú gbogbo wa. Fún oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn ọmọdé kò ṣe eré mìíràn. Àwọn obìnrin kọ́ àtíbàbà kan fún àlejò, wọ́n gbé àga sí i. Èmi ni ògbufọ̀ wọn nígbà ìsinmi. Mo máa ń wọ táì nínú oòrùn yẹn, mo sì máa ń fi gẹ̀ẹ́sì tó gùn ju ọ̀nà Ọ̀yọ́ lọ ṣàlàyé ohun tí ojú kúkú ń rí.

Nígbà tó yá, ìdìbò da ìlú rú. Ẹni tó bá ti dàgbà tó ní ìhà ìwọ̀ oòrùn yìí yóò rántí ọdún tí wọ́n ń da bẹntiróòlù sí ilé, tí wọ́n ń sun mọ́tò lójú pópó. Ní abúlé wa, kò sẹ́ni tó gbá ẹnikẹ́ni létí. Ohun tó burú jù tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọkùnrin méjì tí ẹgbẹ́ òṣèlú wọn yàtọ̀ kò kí ara wọn mọ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n ṣì jọ ń lo àdá kan náà lóko. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn òkè òkun ya fọ́tò mọ́tò tó ń jó. Kò sí èyí tó ya fọ́tò àtíbàbà wa. Sátidé dé, Sátidé lọ, bọ́ọ̀sì kò wá. Nígbà tí àwọn sójà gbàjọba tí ìjà ilé sísun rọlẹ̀ lágbègbè wa, ìròyìn rẹ̀ kò rọlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ewúrẹ́ gba àga àtíbàbà. Ìyá Ọlọ́ṣẹ á máa kí wọn láàárọ̀, "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin òyìnbó wa. Ẹ ò ní ra ọṣẹ?"

Mo wà nílé fún ìsinmi nígbà tí ọ̀rẹ́ mi akọ̀wé fi kẹ̀kẹ́ wá. Ó ní àwọn àlejò díẹ̀ ti dé, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n, ṣùgbọ́n òun ti bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà láti wá lọ́jọ́ Sátidé.

"Bí àwọn wọ̀nyí bá padà láyọ̀, n óò lè kó àwọn mìíràn wá," ó wí. "Bí ohunkóhun bá dẹ́rù bà wọ́n, ọ̀gá mi ní kí n yọ abúlé yín kúrò pátápátá."

Baálẹ̀ pe ìpàdé. Gbogbo wa gbà pé ohun tí àwọn àlejò ń fẹ́ rí ni ààbò, ká sì fi hàn wọ́n kó tó. Baálẹ̀ ní kí àwọn ọdẹ wọ aṣọ ọdẹ wọn, kí wọ́n gbé ìbọn, kí wọ́n tò sí ẹ̀bá ìyànà, kí àlejò lè rí i pé ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ kàn wọ́n. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ní àwọn kò ní í jẹ́ kí àlejò bá ìdí iná ní tútù. Gbogbo èèpo tó wà nílẹ̀ ni àwọn máa dáná sun láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí iṣẹ́ lè kún ojú. Èmi ní n óò sọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ lórí àlàáfíà orílẹ̀-èdè wa. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, ó gba ojú ìwé mẹ́rin. Nínú gbogbo ọgbọ́n tó péjọ síbẹ̀, kò sí ẹyọ ọgbọ́n kan tó jáde dúró lójú títì láti wo abúlé wa bí àlejò yóò ṣe wò ó.

Àlejò lójú, kò fi ríran, ni àwọn àgbà wí. Àwọn wọ̀nyí fi ojú wọn ríran dáadáa. Láti inú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Sátidé yẹn, wọ́n rí èéfín dúdú tó gun ojú ọ̀run láti àárín abúlé. Wọ́n rí àwọn ọkùnrin tó gbé ìbọn ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì. Ọkọ̀ náà dúró gbọn-in ní ìyànà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn. Mo sáré tẹ̀ lé e, mo ń ju ìwé ọ̀rọ̀ mi lókè, mo ń pariwo pé àlàáfíà ni. Àwọn ọdẹ rò pé ó yẹ kí wọ́n ràn mí lọ́wọ́, ni wọ́n bá sáré tẹ̀ lé mi, tìbọn-tìbọn. Mi ò tíì rí ọkọ̀ tó yára bẹ́ẹ̀ rí.

A dúró nínú eruku. Olórí ọdẹ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"A ò kúkú yìnbọn," ó wí. "Àbí à bá ti yìn ín, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọ̀yàyà ni?"

Ìyá Ọlọ́ṣẹ wo èéfín, wọ́n wo ìbọn, wọ́n wo èmi àti táì mi. Ẹ̀rín ló gbé wọn débi pé wọ́n di òpó mú. Ẹ̀yìn náà ni ojú wọn yí padà. Wọ́n ní kí n kó ọṣẹ sínú agbọ̀n, wọ́n wé gèlè láìfọ ọwọ́, a sì wọ bọ́lẹ̀kájà lọ sígboro.

A bá àwọn àlejò náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń mu tíì, ojú wọn sì le. Ọ̀rẹ́ mi akọ̀wé kò lè wò wá.

"Ẹ kú ewu o. Ẹ kú ìbẹ̀rù," Ìyá Ọlọ́ṣẹ kí wọn. "Ọmọ yunifásítì, sọ fún wọn pé èmi ni mo dá iná tí wọ́n rí."

Mo na ọrùn, mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi láti ojú ìwé kìíní.

"Ṣé ohun tí mo sọ nìyẹn?" wọ́n bi mí. "Ó ti gùn jù. Iná ni mo ní."

Mo sọ iná. Wọ́n na ọwọ́ wọn tí eérú bò mọ́lẹ̀ síwájú. "Eérú ọṣẹ nìyí, kì í ṣe eérú ilé. Ẹ̀bá iná náà ni mo fi àwọn ọmọ-ọmọ mi sí tí mo fi wá síbí. Bó bá jẹ́ pé ilé ló ń jó, ṣé òtẹ́ẹ̀lì ni ǹ bá máa bọ̀?"

Ọkùnrin kan láàárín wọn béèrè ọ̀rọ̀ ìbọn. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ní ọdẹ ni wọ́n, àwọn àlejò ni wọ́n ń ṣọ́.

"Wọ́n ń ṣọ́ wa lọ́wọ́ ta ni?" ọkùnrin náà tún béèrè.

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ìyá Ọlọ́ṣẹ mi orí.

"Ìbéèrè gidi ni," wọ́n wí. "Sọ fún un pé a ò ronú kan ibẹ̀."

Obìnrin arúgbó kan tó dé fìlà koríko ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó mú ọṣẹ kan nínú agbọ̀n, ó gbóòórùn rẹ̀, ó bi mí ohun tí a fi ṣe é. Nígbà tí mo sọ fún un, ó tún un gbóòórùn. Ó ní eérú igi ni ìyá ìyá òun fi ń ṣe ọṣẹ ní abúlé wọn nígbà tí òun wà lọ́mọdé, òun sì rò pé kò sẹ́ni tó ń ṣe é mọ́ láyé. Ó ní kí wọ́n bu omi wá. Ìyá Ọlọ́ṣẹ bomi sí i lọ́wọ́, àwọn méjèèjì sì jọ fọ ọwọ́ nínú abọ́ kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì.

Ó wá lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí àwọn yòókù rí i tó gun ọkọ̀, ojú tì wọ́n láti jókòó, ni wọ́n bá tẹ̀ lé e. Olórí ọdẹ fi ìbọn sílé, ó wọ agbádá wá, ṣùgbọ́n jálẹ̀ ọjọ́ náà kò mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí. Ọ̀rọ̀ mi olójú ìwé mẹ́rin wà lápò. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ní kí n mú un wá ká fi di ọṣẹ.

Bọ́ọ̀sì tún ń wá lẹ́yìn náà, títí ogun abẹ́lé fi bẹ́ sílẹ̀. Nígbà yẹn, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè lọ sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì. Àtíbàbà wó, Ìyá Ọlọ́ṣẹ sì ń se ọṣẹ wọn lọ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Mo ti dàgbà ju bí wọ́n ṣe dàgbà nígbà náà lọ. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mi ò bínú sí ẹni tó ń sá mọ́. Ẹni tó wà lókèèrè kì í rí ju èéfín lọ, àwa tí a wà nídìí rẹ̀ la mọ ohun tó ń jó, nígbà mìíràn sì rèé, ilé náà ni.

Ọmọ-ọmọ mi tó ń gbé lókè òkun fẹ́ mú ìyàwó rẹ̀ òyìnbó wá wo abúlé ní Kérésì yìí. Ó pè mí lórí fóònù. "Bàbá àgbà, ṣé ọ̀nà dára? Ẹ̀rù ń bà á o." Mo sọ òtítọ́ fún un: kí wọ́n rin ìrìn àárọ̀, kí wọ́n má rin ti alẹ́, èmi fúnra mi ni n óò dúró dè wọ́n ní ìyànà, lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀yìn náà ni mo ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin tó ṣì ń se ọṣẹ nílé pé, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má ṣáná sí èèpo kòkó kankan títí ọkọ̀ yóò fi yà wọlé.