Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Jẹ̀bi

Ògbufọ̀ ilé ẹjọ́ ni mí ní Pobè, kò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo dáná sun àká àgbàdo aládùúgbò wa ní Yoko. Ọ̀sán gangan ni. Ó jókòó tì í, ó ń yáná títí àwọn ọlọ́pàá fi dé. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí orí rẹ̀ ti dàrú, a kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Ìyá wa kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Àbúrò mi obìnrin ní àfẹ́sọ́nà ní Sakété, a sì mọ ohun tí àwọn èèyàn máa ń wádìí nínú ìdílé kí wọ́n tó fẹ́ ọmọ ibẹ̀. Èmi ni kò jẹ́ kí Ìyá sinmi. Mo ń sọ Faransé bí ẹní mu omi, mo sì rò pé ojú mi là.

"Ìyá, òfin ní wèrè kì í ṣe ọ̀daràn. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ síta, ilé ìwòsàn ni wọ́n máa gbé e lọ. Tẹ́ ẹ bá dákẹ́, ẹ̀wọ̀n ni."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ìyá dìde nílé ẹjọ́ níwájú gbogbo Pobè, wọ́n ní orí ọmọ àwọn kò pé. Adájọ́ kò gbọ́ Yorùbá, kò sì sí ògbufọ̀ mìíràn, èmi náà ni mo túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Adájọ́ ní aláìsàn ni, kò jẹ̀bi, kí wọ́n fi í pamọ́ sọ́gbà ẹ̀wọ̀n títí àyè yóò fi ṣí sílẹ̀ nílé ìwòsàn. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ń bí mi nínú títí dòní.

Àwọn àna wa kò yà sílé wa mọ́. Àyè kò sì ṣí. Wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ìwòsàn tí wọ́n fẹ́ kó irú ẹ̀gbọ́n mi sí, àwọn olóṣèlú wá, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n jẹun, wọ́n lọ. Koríko bo ìpìlẹ̀ náà. Ìjọba mìíràn gorí oyè, òun náà wá sọ̀rọ̀.

Oṣooṣù ni Ìyá ń gbé gàrí lọ fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó kù ń fi èédú sàmì ọjọ́ wọn sára ògiri, ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa ń bi mí ní ìbéèrè kan náà.

"Àbúrò, ọdún mélòó ni tèmi?"

"Wọn ò dá ọdún kankan fún yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò jẹ̀bi."

Lákọ̀ọ́kọ́, inú rẹ̀ dùn. Lọ́dún kẹta, ó dì mí lọ́wọ́ mú. "Lọ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n dá ọdún fún mi. Kó tiẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá. Kí èmi náà rí nǹkan kà." Orí rẹ̀ pé lọ́jọ́ náà ju ti adájọ́ lọ.

Mo kọ lẹ́tà. Akọ̀wé ilé ẹjọ́ kà á, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ta ló ń rán aláìjẹ̀bi lẹ́wọ̀n. Ọkùnrin kan tó mọ̀ọ́mọ̀ dáná sun ilé ìyàwó rẹ̀ ti ṣe ọdún méjì tirẹ̀ tán, ó ti padà sọ́jà Sakété. Ìgbẹ́ ọ̀rìn pa ẹ̀gbọ́n mi lọ́dún kẹrin. Ìyá gbé gàrí oṣù yẹn padà wálé.

Kò pẹ́ sígbà náà, obìnrin kan láti Sakété dìde nílé ẹjọ́ kan náà. Ọmọ rẹ̀ ti fi àdá ṣá màlúù onímàlúù pa.

"Ẹ ṣàánú mi, orí ọmọ mi kò pé, aláìsàn ni!"

Adájọ́ yíjú sí mi. Mo wo ọmọ náà tó ń dá sọ̀rọ̀, tó ń dá rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún adájọ́ pé ìyá náà ní inú ló bí ọmọ òun, pé ó ń bẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni wọ́n dá fún un. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀, obìnrin náà ṣubú lulẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ sọ fún wọn pé aláìsàn ni?"

Mo ní mo sọ ọ́.

Ọdún kan náà pé, wọ́n dá ọmọ náà sílẹ̀. Mo máa ń rí òun àti ìyá rẹ̀ lọ́jà Sakété. Wèrè náà ń bú gbogbo ayé, ìyá rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. Obìnrin náà kì í kí mi, n kò sì dá a lẹ́bi. Ọmọ rẹ̀ wà nílé.