Màrìwò Tútù

Ọjọ́ tí ọ̀gá kan ti Àkúrẹ́ wá wo omi abúlé wa, lẹ́bàá Ìgèdè-Èkìtì, ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Ọdún 1978 ni. Orí àpáta ni omi náà ti ń já wálẹ̀.

Láàárọ̀, a gbọ́ pé àlejò yóò máa wá náwó níbẹ̀, pé ìjọba yóò sì la títì ọlọ́dà fún wa. Ìyá bàbá mi kò gbà á gbọ́. Ó ní, "Ta ní ń la títì fúnni lásán? Ilẹ̀ wa ni wọ́n fẹ́ gbà." Ó bá já màrìwò, ó so ó dí ojú ọ̀nà omi, bí ẹni pé igbó òrìṣà ni.

Nígbà tí ọ̀gá náà dé, ó nawọ́ láti fà á ya. Dírẹ́bà rẹ̀, ọmọ Èkìtì bíi tiwa, ló dì í lọ́wọ́ mú. "Ọ̀gá, ẹni tó bá kọjá ibẹ̀ kì í délé." Kíá ni ọ̀gá padà sínú ọkọ̀.

Dírẹ́bà fọwọ́ kan màrìwò náà, ó rẹ́rìn-ín, ó rọra sọ fún ìyá àgbà pé, "Yèyé, òwúrọ̀ yìí lẹ já a." A súre fún un títí ọkọ̀ fi lọ.

Nígbà tó yá, títì ọlọ́dà àti ilé àlejò dé ìlú kan tí omi tiwọn kò tó tiwa. Mo gbé ọsàn lọ tà níbẹ̀, mo sì gbọ́ pé ìlú dírẹ́bà yẹn ni. Mo sọ fún ìyá àgbà nígbà tí mo délé. Ó ní, "Ọ̀gá ni mò ń ṣọ́. Dírẹ́bà ló yẹ kí n ṣọ́."