Ọ̀bẹ Bàbá Mi àti Ayédèrú Mẹ́fà

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí n kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ, alágbẹ̀dẹ kan ní Àyèká fi èékánná ta ọ̀bẹ bàbá mi nítòsí etí mi. Ó dún, ohùn náà sì ń lọ, ó ń lọ, bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tí à ń gbọ́ láti ọ̀nà jíjìn. Alágbẹ̀dẹ mú ọ̀bẹ mìíràn, ó ta á bákan náà. Èyí dún ko, ó parí síbẹ̀. Ó ní, "Irin ni ti àkọ́kọ́. Páànù tí wọ́n dán lójú ni èkejì." Ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ wọ̀ mí lára, ẹ̀yin ọmọ mi, kò sì tíì jáde títí di òní tí gbogbo orí mi ti funfun.

Bí wọ́n bá rán mi níṣẹ́, àfi kí n yà lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ yẹn. Òun ló fi hàn mí pé ọ̀bẹ gidi tí wọ́n ń tà nígbà náà ní àmì ẹja lára, pé wọ́n gbá ẹja náà wọnú irin ni, tó fi jẹ́ pé bí èékánná bá kọjá lórí rẹ̀, yóò há díẹ̀. Ti ayédèrú, ọ̀dà lásán ni. Fi àkísà tó ní kẹrosíìnì nù ún, ẹja náà á lúwẹ̀ẹ́ lọ. Èèkù ọ̀bẹ gidi ní ìṣó bàbà mẹ́ta tó gba inú igi jáde lódì kejì. Ti ayédèrú ní méjì, ọ̀kan nínú wọn kò sì dé ibì kankan. Bí o bá tẹ orí ọ̀bẹ gidi díẹ̀, yóò padà sípò. Mo tún máa ń ka iye ẹ̀gẹ́ tí ọ̀bẹ lè bó kí ẹnu rẹ̀ tó kú. Ti bàbá mi, méjìlélọ́gọ́ta ni kí a tó tún un pọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ mí ní ìyàwó alágbẹ̀dẹ. Ó ní lọ́jọ́ tí n bá ń lọ sílé ọkọ, òkúta ìpọ́nbẹ ni n ó gbé sórí dípò àpótí.

Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Kò dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ọjà òkè òkun wọ́n, ọ̀bẹ ẹlẹ́ja gidi sì di ohun tí à ń gbúròó rẹ̀ lásán. Bàbá mi ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Ohun tó fi sílẹ̀ fún wa kò ju ọ̀bẹ yẹn àti oko ẹ̀gẹ́ kan létí odò.

Lọ́dún yẹn, òjò kọ̀, kò dá. Odò kún wọ oko. Ẹ̀yin tí ẹ kò dá oko rí, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ẹ̀gẹ́ tí omi bá bò yóò jẹrà nínú ilẹ̀. Bí ẹ bá sì yára hú u, bí ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ ní. Lẹ́yìn ìyẹn, ìlà dúdú á bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀, kò ní ṣeé fi ṣe púpurú mọ́. Bẹ́ẹ̀ púpurú, ẹ̀gẹ́ tí à ń rẹ, tí à ń yan lórí iná, ni à ń jẹ láti ọdún dé ọdún. Nílé wa, a máa ń bó ẹ̀gẹ́ kí a tó rẹ ẹ́.

Ìyá mi kò fi ọ̀rọ̀ bò. Ó ní bí ẹ̀gẹ́ yìí bá bàjẹ́, oúnjẹ ilé wa kò ní tó gbogbo wa, ẹ̀gbọ́n mi ni yóò sì lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìbátan bàbá wa kan ní Iyansan. Ẹ̀gbọ́n mi di apá mi mú.

A fi odidi ọjọ́ kan hú u nínú omi tó mù wá dé orúnkún. A kó o jọ sábẹ́ àtíbàbà, ó ga ju ìyá àgbà lọ. Ìyá mi, ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n mi, èmi, àti opó méjì láti ìjọ wa tí wọn kò ní oko: ọwọ́ mẹ́fà nìyẹn, ọ̀bẹ kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tó lè yá wa ní òmíràn, nítorí omi wọ oko gbogbo ènìyàn, kálukú ló ń bó tirẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá mi mú ọ̀bẹ bàbá mi, ó gba ọ̀nà ọjà Òkìtìpupa. Ó padà dé kí oòrùn tó kàn wá lórí. Ọ̀bẹ mẹ́fà ló tú sílẹ̀ láti inú bébà, gbogbo wọn ń dán. Ti bàbá mi kò sí níbẹ̀. Ó ti fi ṣe pààrọ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́jà kan.

Mo mú ọ̀kan. Mo ta á: ko. Mo wo ìṣó: méjì. Orí mi gbóná. Mo ní wọ́n ti rẹ́ wa jẹ, pé ayédèrú ni gbogbo rẹ̀. Ìyá mi ní kí n gbé e sílẹ̀. N kò gbé e sílẹ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo wọn rí i. Mo fi orí rẹ̀ ti òkúta, mo tẹ̀ ẹ́ bí alágbẹ̀dẹ ṣe kọ́ mi. Ó kán sí méjì.

Ọ̀kan nínú àwọn opó náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ìyá mi kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

"Ta ló sọ fún ọ pé n kò mọ̀?" Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹni tó rẹ̀. "Ẹni tó tà á fún mi gan-an mọ̀ pé mo mọ̀. Ọ̀bẹ bàbá rẹ dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ló lè wà. Ọwọ́ mẹ́fà ni mo wá ọ̀bẹ fún. Ó ti ku márùn-ún."

Ó mú ìdajì tó ní èèkù, tí irin rẹ̀ kò gùn ju ìka mi lọ, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Tìrẹ nìyí. Máa bó."

A bó ẹ̀gẹ́. Bí a bá ti bó díẹ̀, a tún sáré lọ sídìí òkúta. Èèkù kan yọ lọ́wọ́ ìyá àgbà, irin là á ní àtẹ́lẹwọ́, ó fi àkísà dì í, ó ń bó lọ. N kò lè ṣe kí n má kà: mẹ́sàn-án ni ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan ń bó kí ẹnu rẹ̀ tó kú. Ìdajì tó wà lọ́wọ́ mi, mẹ́ta, àwọn náà á sì tún kún fún èèpo. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, a la ẹ̀gẹ́, a rí ìlà dúdú. Ìyá mi la òmíràn, ó rí i. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo lọ ka òkìtì tó kù, mo sì fi wé èyí tí a ti bó: bí ìdá kan nínú mẹ́fà gbogbo rẹ̀ ni. Ẹ̀yin náà lè ṣírò ọwọ́ ẹni tó jẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi gbé àpótí rẹ̀ sórí. Ó dé ẹ̀yìn àtíbàbà, ó bojú wẹ̀yìn. "Ìyàwó alágbẹ̀dẹ," ó ní, "máa tọ́jú ọ̀bẹ rẹ o." Ó ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Iyansan náà ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ la sin ín sí. Kò gbé nílé wa mọ́ láyé rẹ̀.

Ayé ti yí. Ẹ̀rọ ló ń rin ẹ̀gẹ́ báyìí, alùpùpù ló ń gbé e wá láti oko. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ló ṣì ń bó o. Lóṣù tó kọjá, mo rí àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká ní Òkìtìpupa, ọ̀bẹ olówó pọ́ọ́kú lọ́wọ́ gbogbo wọn, èèkù rẹ̀ jẹ́ rọ́bà pupa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí a ṣe ń mọ ayédèrú fún ọ̀kan nínú wọn. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi, ó ní, "Màmá, a mọ̀. Ẹ wo iye wa níbí."

Mo ra irú rẹ̀ kan lọ sílé. Ní Sátidé, mo pọ́n ọn dáadáa, mo gbé àpótí ìjókòó síta, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gẹ́, mo ń kà á sókè bí mo ṣe máa ń kà á. Mọ́kànlá. Láti ìgbà ogun títí di òní, méjì péré ló fi ju ti ìyá mi lọ.