Igi Oṣè Tí Wọ́n Fi Orúkọ Mi Sọ

Ọjọ́ Sátidé tí wọ́n gbin igi oṣè sí abúlé bàbá mi ni ọjọ́ tí kò lè kúrò lọ́kàn mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Hyattsville níbí, ní Amẹ́ríkà, ni mo ti wò ó.

Màmá mi ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dé láàárọ̀, kò tíì bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ tó fi pe Bísí, ọmọ àbúrò bàbá mi, lórí fídíò. Wọ́n ní igi náà yóò máa ṣíji bo abúlé, wọn yóò sì máa fi ewé rẹ̀ se ọbẹ̀. Orúkọ ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi sọ igi kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ wò ó, mà, Ṣadé rèé," ni Bísí wí, bó ṣe ń bomi rin igi tèmi.

"Bísí mi, o ṣeun. Ṣé o ti jẹun?"

Láti ìgbà tí màmá mi ti wọlé, kò bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo pa á.

"Ṣadé, kí ló ń ṣe ọ́?"

Kí ni kí n sọ? Pé mò ń jowú igi?

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ni màmá mi máa ń bi Bísí bóyá Ṣadé ti mu omi. Èmi Ṣadé á sì wà ní kíṣìnì, tí mò ń bu omi mu fúnra mi.