Àdúrà Ará Ẹ̀yìn Ògiri

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ọ̀dà ara ilé Festac ṣì ń rùn tuntun, ìjọba kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú fúláàtì tó dọ́gba bí ẹyin inú kéréètì. Ilẹ̀kùn kan náà, fèrèsé kan náà, títí dé ibi tí ẹ̀rọ omi ti ń jò. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa rò pé níbi tí gbogbo nǹkan ti dọ́gba báyìí, kò ní sí ẹni tí yóò máa fi aago aláago ṣiṣẹ́. Irọ́ ni. Àwọn òbí wa kàwé; wọ́n wá nǹkan mìíràn tí wọn yóò fi díje. Àdúrà òwúrọ̀ ni ti ilé wa.

Ògiri kan ló pààlà láàárín àwa àti ìdílé kejì. Bàbá ibẹ̀ àti bàbá mi jọ ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ọmọkùnrin wọn àti èmi jọ wà ní kíláàsì kan náà. Bí àwọn ará ẹ̀yìn ògiri bá ti gbé orin láàárọ̀, bàbá mi á na ọrùn sí wa: "Ẹ gbé e sókè! Àbí ẹ ò jẹun lálẹ́ àná ni?"

Màmá mi á ní, "Dádì, etí Ọlọ́run kò di."

"Mo mọ̀. Ọlọ́run kọ́ ni mò ń bá wí."

Nígbà tí wọ́n ra kápẹ́ẹ̀tì pupa, àwa gba ààwẹ̀. Bí mo bá sì mú èsì ìdánwò wálé, bàbá mi kì í tíì wò ó tí á fi béèrè pé, "Ipò wo ni ọmọ ẹ̀yìn ògiri gbà?" Ọmọ náà ì bá bá mi ṣọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ta ló ń bá ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ṣeré?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, ohùn bàbá mi há. Ó la ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ilé wa pa rọ́rọ́, a sì gbọ́ ọkùnrin ẹ̀yìn ògiri tó ń sunkún: "Olúwa, wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn ọmọ? Wo ìdílé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, bí wọ́n ṣe ń yọ̀ láràárọ̀. Fún ilé mi ní irú ayọ̀ wọn."

Irú ayọ̀ wo? Láti ìgbà tí kápẹ́ẹ̀tì yẹn ti dé ni bàbá mi ti ń bá màmá mi yan odì.

Bàbá mi, tí kì í kúnlẹ̀ kí ṣòkòtò rẹ̀ má baà rún, kúnlẹ̀. Ohùn tó há náà ló fi sọ ọ́: "Olúwa, mo ti ń fi orúkọ rẹ sáré ìje. Dárí jì mí."

Láti ọjọ́ náà, orin wa rọlẹ̀. Bí ó bá ń dúpẹ́, ohun tó wà nínú ilé tiwa ló ń dúpẹ́ lé lórí: omi, ìlera, màmá mi. Nígbà tí èsì ìdánwò mi dé, ó kà á látòkè délẹ̀, ó ní, "Ìṣirò rẹ ti sàn sí i." Mo dúró kí ó béèrè ti ẹlòmíràn. Kò béèrè.

Ṣùgbọ́n kò lọ kan ilẹ̀kùn wọn. Ojú ń tì í. "Bí mo bá lọ, wọ́n á mọ̀ pé a gbọ́." Ó ń gbàdúrà fún wọn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, títí ọkọ̀ akẹ́rù fi wá kó wọn lọ sí Ijegun-Egba. Bàbá mi bá wọn gbé àga kan. Ọkùnrin náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Orin yín ló ń gbé wa ró. Àmọ́ a ò gbọ́ ọ mọ́ láìpẹ́ yìí. Ṣé kò sí nǹkan?"

Bàbá mi la ẹnu. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ọmọ wọn juwọ́ sí mi láti orí kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ká sẹ́yìn ọkọ̀. N kò rí i mọ́.

Ijegun-Egba kò jìnnà. Títí bàbá mi fi kú ló ń sọ pé òun á lọ kí wọn.

Ayé ti yí padà. Ní Amuwo tí mo kọ́lé sí, odi ọgbà mi ga ju ènìyàn méjì lọ. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń wo ìdúpẹ́ mọ́tò tuntun ẹni tí wọn kò mọ̀ rí nínú fóònù, wọ́n ń mí kanlẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n dúpẹ́ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tó wà nítòsí. Èmi tí mò ń sọ ọ́ kò tíì kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò mi rí; mo máa ń gbàdúrà tán láàárọ̀, mo sì máa ń tẹ́tí sí ẹ̀yìn odi. N kì í gbọ́ ju jẹnẹrétọ̀ lọ, tiwọn àti tèmi.