Ọjọ́ Tí Wọ́n Ya Àwòrán Mi

Ọjọ́ tí àwọn ọmọ kọlẹ́ẹ̀jì Ṣábẹ̀ẹ́ fi pẹ́ńsùlù ya àwòrán mi, láyé ìjọba ológun tó ní ká máa pe ara wa ní kamaráàdì, n kò lè gbàgbé ẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ló ní kí èmi bàbá arúgbó wá jókòó síwájú wọn kí wọ́n yà mí. Alábẹ̀wò ń bọ̀ wá dán an wò. Tó bá kùnà, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ kì í tẹjú mọ́ àgbà. Ẹsẹ̀ mi nìkan ni wọ́n yà.

Alábẹ̀wò dé, ó wo ohun tí wọ́n yà, ó bi olùkọ́ pé, "Kamaráàdì, ṣé bàbá yìí ò lórí ni?"

Òógùn bo olùkọ́. Mo sọ fáwọn ọmọ pé, "Ẹ wò mí o." Wọ́n kọ̀. Mo bá dijú bí ẹni tó ń sùn. Wọ́n wá gbójú sókè, wọ́n ń wò mí títí wọ́n fi yà mí tán.

Olùkọ́ yege. Kò tún sẹ́ni tó wò mí pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́.